Etí Tí Wọ́n Fi Yẹ Ilé Olókòkó Wò

Kò sí ará Ìkẹ́rẹ́ tí ò mọ Ilé Olókòkó, ilé alájà mẹ́rin tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ fi ṣe ọ́fíìsì nígbà tí kòkó ṣì ń pa owó. Ohun tó sọ ọ́ di àpéwò ni àwọn ọ̀wọ́n kọnkéré pẹlẹbẹ tó tò níwájú fèrèsé láti òkè délẹ̀, tí oòrùn kì í fi í ráyè wọ yàrá. Ogún ọdún ni ewúrẹ́ fi sùn níbẹ̀ kí wọ́n tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹni tí Ẹnjiníà Adéwọlé, tí wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe náà fún, kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ni Kàsímù, bíríkìlà ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó fi òòlù kékeré lu ọ̀wọ́n kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì tẹ́tí. Èyí tó bá dún kedere, ó le. Èyí tó bá dún bí ìkòkò òfìfo, inú rẹ̀ ti jẹrà, kí wọ́n tètè fi igi tì í kó má baà wó lu èèyàn.

Àṣé etí Kàsímù ti kú. Ogójì ọdún tó fi ti ẹ̀rọ aláriwo tí wọ́n fi ń lọ ilẹ̀ tẹràsó ti jẹ ti ọ̀tún tán, ó sì ti jẹ ti òsì dé ìdajì. Ẹnu èèyàn ló ń wò kó tó dáhùn. Kò sọ fún Lateefat ọmọ rẹ̀ pàápàá, torí bíríkìlà tí ò gbọ́rọ̀, wọn a ní kó lọ jókòó sílé, Kàsímù ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ọwọ́ ló wá gbẹ́kẹ̀ lé: bí òòlù bá ta padà, ó le, bí ò bá ta, ó ti jẹrà. Ọwọ́ náà ò já a kulẹ̀, àfi ìgbà tó dé ọ̀wọ́n kẹtàdínlógún.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, ìka rẹ̀ kú tiiri. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kò mọ nǹkan kan. Ó yẹ kó tún un lù, ṣùgbọ́n láàárín àwọn bíríkìlà, ẹni tó bá lù ú lẹ́ẹ̀kẹrin ti jẹ́wọ́ pé òun ò gbọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, Adéwọlé àtàwọn àlejò láti Adó sì dúró tì í. Ojú tì í. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i pé ó le.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìgè, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́, ń fi ẹ̀rọ lu ihò sára ògiri nígbà tí ọ̀wọ́n náà já. Ìbíwùmí, ọmọbìnrin tó ń ru kọnkéré, wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú pánù lórí. Kò délé ìwòsàn kó tó kú. Ọlọ́pàá mú Ìgè, wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ̀ ló mi ọ̀wọ́n tó le koko já, ṣebí Bàbá Kàsímù ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Kàsímù fi dákẹ́. Ká má parọ́, ẹ̀rù ló bà á. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó bá Adéwọlé àti Jẹ́jẹ́, ìyàwó Ìgè, níbẹ̀.

"Èmi ni mo pa ọmọ yẹn," ó ní. "Etí mi ti di, ó ti pẹ́. Urọ́ ni mo pa. Ẹ jẹ́ kí Ìgè máa lọ ulé."

Ọ̀gá ọlọ́pàá fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Kàsímù wo ẹnu rẹ̀, ó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣìnà, bó ti mọ́ ọn lára. Ìgbà tó fi máa mọ ohun tó ṣe, ọlọ́pàá ti rẹ́rìn-ín músẹ́ pé etí bàbá ò di.

Omi lé sójú Adéwọlé. "Ẹ rí i báwọn àgbà ṣe ń ṣe? Ẹ̀bi ni wọ́n fẹ́ gbà rù kí ọ̀rọ̀ lè tán nílẹ̀. Bàbá, gbogbo wa la mọ inú yín."

"Mo ní mi ò gbọ́!" Kàsímù pariwo.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ọlọ́pàá ní. "Ṣùgbọ́n òfin ò mọ ìyẹn."

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ti Kàsímù bá a, wọn ò kàn fún òótọ́ náà níjòókòó ni. Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ pé Kàsímù nìkan ló bá ọkọ òun bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó máa di Jímọ̀, wọ́n ti ń fi Kàsímù ṣe àpẹẹrẹ ní mọ́ṣáláṣí, Ìgè sì wà ní àhámọ́ síbẹ̀.

Àwọn ará ilé Ìbíwùmí wá ránṣẹ́ pé bàbá rere yẹn làwọn fẹ́ kó wá tu ìyá ọmọ nínú, torí kò jẹ, kò mu. Kàsímù lọ. Ìyá náà fi ìborùn bojú, ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Kàsímù ò rí ẹnu rẹ̀, kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tó sọ. Ó ṣáà ń mi orí.