Alhaja Fọ́ọ̀mù àti Ẹ̀jẹ̀ Ìwọ́ Olúbáyọ̀

Bọ́ọ̀lù ni ayọ̀ àwọn kan, ọjà rírà ni ti àwọn mìíràn. Ti Alhaja Mùínàt, fọ́ọ̀mù ni! Ẹ gbé fọ́ọ̀mù olójú-ewé ogún síwájú obìnrin yìí, kí ẹ wá wo bí ojú rẹ̀ ṣe máa tàn bí ojú ọmọdé tó rí ẹran iléyá. Tí ẹ bá dé Rye Lane ní Peckham, nílùú London, tí ẹ ń béèrè Mùínàt, ẹ lè béèrè títí kó sú yín. Ẹ sáà ti ní Alhaja Fọ́ọ̀mù lẹ̀ ń wá, wọ́n á nàka sí ṣọ́ọ̀bù Kàbírù tó ń tún fóònù ṣe. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ló tẹ́ tábìlì rẹ̀ sí, pẹ̀lú àga méjì àti hítà kékeré kan lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ìyà ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Peckham lọ́dún 1993, ọ́fíìsì ló ń gbá ní London Bridge. Òun àti Hamid ọkọ rẹ̀ kọ̀wé béèrè ilé lọ́dọ̀ council, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, wọn ò rí i gbà, torí pé wọ́n fi àpótí kan ṣoṣo nínú fọ́ọ̀mù sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi sùn sí pálọ̀ oní-pálọ̀ ní Stockwell. Mùínàt búra pé ìwé kankan ò ní rẹ́ òun jẹ mọ́ láyé. Ó kọ́ ti council, ó kọ́ ti ilé ìwé, ó kọ́ ti owó ọmọ tí ìjọba ń san, ó wá já sí ti owó orí. Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn mọ́ ọn jù.

Nílùú yìí, gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, dandan ni kó fi ìṣirò ọdún ránṣẹ́ kí oṣù kìíní tó parí. Tí oṣù kìíní bá ti wọlé báyìí, àwọn onímọ́tò, àwọn onídìrí àti àwọn aránṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ sọ́dọ̀ Alhaja, risíìtì nínú ọ̀rá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wá ohun tí òfin gbà kí wọ́n yọ kúrò, bí owó epo tàbí owó abẹ́rẹ́, kí owó orí wọn lè dínkù. Tó bá rí ọ̀kan tí onínǹkan fúnra rẹ̀ ò mọ̀, á fò sókè lórí àga, á ní, "Mo ti mú un!"

Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kìíní ni Kóyọ̀dé wọlé. Takisí ló ń wà, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, ó sì ń bẹ̀rù Alhaja bí ìyá tó bí i. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tí àyè gbà láàárín àwọn àpótí fóònù.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà, Alhaja. Ìnáwó kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yọ kúrò nínú owó orí."

"Gbé e wá, gbé e wá!"

Ìwé tó gbé sílẹ̀ kì í ṣe ti epo, kì í ṣe ti táyà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sínú yìnyín ló kọ ọ́. Alhaja yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e sójú.

"Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

"Ti Olúbáyọ̀ ni, ọmọ wa tuntun. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ẹ̀. Ọjọ́ tí Magdalene bí i, nínú oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n ti gbà á pamọ́. Torí Tiwalọpẹ́ ni."

Alhaja mọ Tiwalọpẹ́. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, àmọ́ tí òtútù bá ti fẹ́ sí i lára báyìí, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, wọ́n á gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Àwọn dókítà ti sọ fún Magdalene pé bí ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ àbúrò bá bá ti ẹ̀gbọ́n mu, àwọn lè fi tọ́jú ọmọ náà kó sì bọ́ lọ́wọ́ ìrora yẹn. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ara Tiwalọpẹ́ ò yá. Kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ àìsàn náà lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ tí Alhaja ti ń kọ fọ́ọ̀mù, kò rí irú ìnáwó yìí rí! Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó ka òfin síwá, ó kà á sẹ́yìn. Ó wá a lábẹ́ ìlera, kò sí. Ó wá a lábẹ́ ọmọ, kò sí. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Kóyọ̀dé, kò ṣeé yọ. Ohun tó bá jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń yọ. Àbí Olúbáyọ̀ ń bá ọ wa takisí ni?"

Kóyọ̀dé ò rẹ́rìn-ín. "Tí kò bá ṣeé yọ, màá ní kí wọ́n dà á nù, Alhaja. Agbára mi ò gbé e mọ́. Ọjọ́ méje lọ́sẹ̀ ni mo fi ń wakọ̀, síbẹ̀ kò ká a."

"Kí wọ́n da kí ni nù? Ìwọ lo sọ̀rọ̀ yẹn àbí etí mi ló ń tàn mí? Kó gbogbo ìwé yẹn wá síbí! Gbogbo ẹ̀ ni mo wí o!"

Ohun tó mú Alhaja yàtọ̀ nìyẹn. Àwọn ẹlòmíràn, risíìtì nìkan ni wọ́n ń wò. Òun, láti orí dé ìrù ló ń ka ìwé, títí kan èyí tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ sísàlẹ̀. Ó ka ojú ewé kìíní, ó ń kùn. Ó ka ìkẹta, ó ń mi orí. Nígbà tó dé ojú ewé keje, ó fi igbe ta, débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ Kàbírù níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Yéè! Kóyọ̀dé! Ta ló kọ èyí?"

Ìbéèrè ibẹ̀ ò le rárá: ṣé ọmọ kan wà nínú ẹbí yìí tó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀? Àpótí méjì ló wà fún ìdáhùn. Wọ́n ti máàkì Rárá, gàdàgbà gadagba. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé bí ìdáhùn bá jẹ́ Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹbí náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á sì kọ̀wé sí dókítà ọmọ náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ méjèèjì bára mu. Oṣù mẹ́rin! Oṣù mẹ́rin ni ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú yìnyín, tí bàbá ń sanwó rẹ̀, tí dókítà sì ń retí lẹ́tà tí kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ni Kóyọ̀dé wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Inú ìgbàgbọ́ ni mo fi kọ ọ́, Alhaja. Ìyá mi máa ń sọ pé àìsàn téèyàn bá ń pè lórúkọ, ilé onítọ̀hún ló máa gbà. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń sọ ọ́ nínú àdúrà pé ara ọmọ mi ti dá. Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé kò dá ni? Tí mo bá fi lè kọ Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti gbà á nìyẹn."

Ẹ̀yin náà ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí Alhaja ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Hamid ọkọ rẹ̀ fi ìtọ̀ ṣúgà pamọ́ fún un, odindi ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá kí i, "Alhamdulillah, ara le" ló máa dáhùn. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìyàwó tó gbọ́, Hamid ò sì lò tó ọdún kan láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun Alhaja dòní olónìí.

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Kóyọ̀dé, ọmọ mi, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Owó orí lò ń lé kiri, ìwòsàn ọmọ ẹ wà lójú ewé keje! Mi ò ní kí o má gbàdúrà, èmi náà ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọlọ́run tí ò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn, ṣé kò mọ̀ pé Tiwalọpẹ́ ń ṣàìsàn ni? Ó mọ̀! Àwọn tó gbé ẹ̀jẹ̀ sínú yìnyín ni kò mọ̀! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Pe ìyàwó ẹ, pè é nísinsìnyí."

Magdalene wà ní Deptford, níbi tó ti ń tọ́jú ìyá arúgbó kan. Kóyọ̀dé fi fóònù sí speaker.

"Mummy Tiwa, fọ́ọ̀mù ẹ̀jẹ̀ yẹn... Rárá ni mo kọ síbi tí wọ́n ti béèrè àìsàn."

Wọ́n gbọ́ bí Magdalene ṣe bọ́ síta, tó ti ilẹ̀kùn.

"Kóyọ̀dé." Kì í pè é lórúkọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ lẹ́tà wò lẹ́nu ọ̀nà. Ojoojúmọ́! Mo ti rò pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé kò bá a mu, pé wọn kàn ò fẹ́ sọ fún mi ni." Ẹkún gbé e mì. "Ṣé ó ṣeé tún kọ?"

Alhaja já fóònù gbà. "Ó ṣeé tún kọ, Magdalene! Ojú ewé àtúnṣe wà níbí, mo ti rí i! Nujú ẹ, jàre!"

Kóyọ̀dé mú bírò. Ó máàkì Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún ní kó kọ orúkọ àìsàn náà. Ó wo Alhaja, Alhaja nàka sí ojú ìlà náà. Ó kọ ọ́: sickle cell. Lẹ́yìn náà ló wá pè é síta lédè tìyá rẹ̀, fòníkú-fọ̀ladìde, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí kí òrùlé wó. Òrùlé ò wó. Kàbírù ń bá oníbàárà kan dúnàá-dúrà lọ níwájú.

Wọ́n fi ìṣirò owó orí ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà láìsí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n fi fọ́ọ̀mù àtúnṣe ránṣẹ́ tẹ̀lé e, ìdúró ló wá kù. Kì í ṣe dandan kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá kan náà bára mu o, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni dókítà sọ. Alhaja ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń pe Kóyọ̀dé láàárọ̀, ó ń pè é nírọ̀lẹ́. Tó bá kírun tán, orúkọ Tiwalọpẹ́ ló máa ń ṣáájú nínú àdúà rẹ̀, kó tó kan ti àwọn ọmọ tirẹ̀.

Inú bọ́ọ̀sì 36 ló wà, nínú oṣù kẹta, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, Kóyọ̀dé ló ń pè.

"Alhaja! Ó bára mu! Wọ́n ní ó bára mu pátápátá!"

"Allahu Akbar!" Igbe yẹn mú kí onímọ́tò tẹ bíréèkì. Òyìnbó tó jókòó tì í bi í bóyá ara rẹ̀ le. Alhaja dì mọ́ ọn gbádígbádí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń sọ fún gbogbo bọ́ọ̀sì pé ó bára mu, ó bára mu! Ilé iṣẹ́ náà ti dá owó Kóyọ̀dé padà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n nínú ayọ̀ yẹn, Kóyọ̀dé ò tilẹ̀ rántí sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Magdalene bẹ Alhaja pé kó wá sí ìjọ àwọn, lẹ́bàá Old Kent Road. Ó lọ. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bíi ti mọ́sálásí, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, hìjáàbù dúdú láàárín aṣọ funfun. Nígbà tí wọ́n pe ẹlẹ́rìí, Kóyọ̀dé dìde, Tiwalọpẹ́ dì í lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi yìí ní sickle cell," ni ó wí. "Mo fi pamọ́ fún yín, odindi ọdún mẹ́fà. Mo fi pamọ́ lórí fọ́ọ̀mù, díẹ̀ ló kù kí n da ìwòsàn rẹ̀ nù. Ìtọ́jú ṣì wà níwájú, kò sì rọrùn. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ bá tirẹ̀ mu!"

Hallelúyà bú sókè, agogo gbà á. Láàárín ariwo yẹn ni ẹnì kan fọwọ́ kan Alhaja léjìká. Obìnrin kan ni, ó pọn ọmọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin ni Alhaja Fọ́ọ̀mù?" Ó fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. "Rárá ni èmi náà kọ."

Kí Alhaja tó dáhùn, ohùn mìíràn ti lẹ́yìn wá: "Èmi náà, mà." Baba kan ń bọ̀ láti apá ọkùnrin, ó ti ṣí fìlà. Alhaja sún lórí bẹ́ńṣì, kí wọ́n lè ráyè jókòó.