Ògiri tí Almeda Kọ̀wé Sí

Orrin Whitcomb fúnra rẹ̀ ló dá òfin tó fẹ́ jẹ ẹ́ níyà sílẹ̀. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé ó tọ́ sí i. Èmi Tilda, aládùúgbò rẹ̀, èmi kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Nígbà tí àwọn onípolówó láti ìlú ńlá fẹ́ gbé pátákó ràgàjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wa, Orrin ló dìde níbi ìpàdé ìlú, lóṣù Kẹta, tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Ó ní, "Ohun tí èèyàn ń tà lórí ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni kó máa polówó níbẹ̀. Bí ọdún kan bá sì kọjá tí kò tà á mọ́, kó pa ìpolówó náà rẹ́." Gbogbo wa nawọ́ sókè. Almeda ìyàwó rẹ̀ na méjèèjì, alápàárá obìnrin. Wọ́n sáà kà á sí ẹyọ kan.

Kí ló kan tọkọtaya náà nínú òfin yẹn? Almeda ń ta páì, ìpanu oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fi èso ápù sínú ẹ̀. Òun ló gun àkàbà, tó fi ọ̀dà funfun kọ PÁÌ ÁPÙ ALMEDA gàdàgbà sára ilé màlúù wọn tó dojú kọ ọ̀nà. Ó ya ápù kan sí i, ápù náà sì rí játijàti bí ọ̀dùnkún. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní ká lọ ya tiwa.

Almeda kú lásìkò tí ewé ń wọ́. Nígbà tí ikú rẹ̀ fẹ́ pé ọdún kan, Corinne tó ń bójú tó òfin ilẹ̀ fún ìlú wa wá bá Orrin. Ojú wa ni Corinne yìí ṣe dàgbà. Ó kọ̀, kò jókòó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí ẹ ò bá ta páì kí ọdún tó pé, a máa ní kí ẹ kun ògiri yẹn."

"Òfin wo nìyẹn?"

"Òfin yín ni, Bàbá."

Orrin délé mi kí ọkọ̀ Corinne tó kúrò lójú ọ̀nà.

"Tilda, kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe páì."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ ibi tí ṣíbí wà nínú ilé yín?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín, jàre. Bí mo bá kun ọ̀dà lé iṣẹ́ ọwọ́ Almeda, kí ni kí n máa wò láàárọ̀?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kí n bá a ṣe é, kó kàn máa tà á. Ó fárígá. Ó ní òun ò ní fi màgòmágó rú òfin tóun fẹnu ara òun dá sílẹ̀. Ni mo bá kó ìyẹ̀fun àti bọ́tà sórí tábìlì.

Ẹ gbà mí! Èyí àkọ́kọ́ le gbagidi. Inú èyí tó tẹ̀ lé e kò jinná. Ajá rẹ̀ gbóòórùn ẹ̀kẹta, ó bá tirẹ̀ lọ.

Níkẹyìn, ó gbé tábìlì síwájú ilé màlúù, ó to páì sí i. Corinne dé, ó sanwó, mo gé tirẹ̀ fún un. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu, jẹ ẹ́ lẹ́nu.

"Bàbá, iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀ o."

"Òfin ò ní kó dùn," mo yára dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni, Màmá. Wọ́n tà, mo rà. Bàbá, ẹ má kun nǹkan kan."

Mo pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Orrin ò rẹ́rìn-ín. Ẹnu Corinne ló ń wò.

"Ṣé ó jọ ti Almeda?"

Mo ṣẹ́jú sí ọmọ náà pé kó purọ́. Ó wolẹ̀.

"Rárá, Bàbá. Kò jọ ọ́."

Orrin jókòó sórí koríko, ó bú sẹ́kún. Látọjọ́ ìsìnkú, mi ò tíì rí omi lójú rẹ̀. "Mo mọ̀," ló ń wí, "mo mọ̀. Kò lè jọ ọ́ mọ́ láé."

Corinne jókòó tì í, tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó jẹ páì oníyọ̀ yẹn tán pátápátá, ó sì ní kí n gé òmíràn fún òun.