Fìtílà Ìgboro Tí Mo Lọ Wò ní Ìkẹ́rẹ́

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo gbàdúrà tán tí mo jáde nílé ní Ìṣẹ́. Àwọn àgbà àdúgbò wa ló rán mi. Àdúgbò wa yìí ni àwọn baba ńlá wa kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ní ìlú wa, ibẹ̀ náà ni ìyá mi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ta kíjìpá tí wọ́n hun ní ọjà alẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀nà mọ́tò ti la ìsàlẹ̀ ìlú kọjá, ọjà náà tú. A ra fìtílà gáàsì, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó padà wá. Àwọn àgbà ní bí n kò bá kọ́ ọgbọ́n bọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́, níbi tí fìtílà ìgboro ti ń kó èrò jọ lálẹ́, ọ̀nà mọ́tò ni àwọn yóò gbé fìtílà náà lọ.

Orí àpò kòkó ni mo jókòó sí nínú lọ́rì, ṣílè kan ni mo san. Eruku ọ̀nà sọ irun mi di ti àgbà.

Nígbà tí dẹ́rẹ́bà, tó mọ̀ mí ní tíṣà, gbọ́ ohun tí mò ń lọ wò, ó ní, “Tíṣà, nítorí fìtílà? Ṣé kò sí òṣùpá ní Ìṣẹ́ ni?”

Mo ní, “Ó wà, ṣùgbọ́n kì í dúró de ọjà.”

Ní Ìkẹ́rẹ́, mo fi tọ́rọ́ jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà lábẹ́ àpáta ńlá wọn. Ẹ̀kọ wọn tóbi ju tiwa lọ, n kò ní purọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ahunṣọ bíi tirẹ̀, ni mo wọ̀ sí.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n tan fìtílà kan lórí òpó ní ìkóríta. Ilé tí ó bá kàn ló ń nu gíláàsì rẹ̀, tó sì ń bu epo sí i. Kíá, aláṣọ tẹ́ ẹní, agbẹ́gilére gbé ilẹ̀kùn tó ń fín jáde, ẹ̀rín sì gba àdúgbò.

Mo bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé, “Ìyá, olóyè wo ló ni fìtílà yìí?”

“Kì í ṣe ti ulé ẹnìkan.” Ulé ni àwa ará Èkìtì ń pe ilé. “Níbo lẹ so tiyín sí?”

“Àgbàlá olórí àdúgbò wa, láti fi bọlá fún un.”

Ó pàtẹ́wọ́. “Háà! Ta ni yóò máa ná ọjà, tí yóò máa pariwo, níwájú àgbà? Ẹ ó dọ̀bálẹ̀, ẹ ó kí i, ẹ ó lọ sùn ni!”

Ojú tì mí. Èmi ni mo dá àbá àgbàlá náà, èmi tí mò ń kọ́ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì pé a kì í tan fìtílà pamọ́.

Mo padà sílé lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún olórí wa, mo sì rò ó bí ó ti rí.

Ó ní, “O fẹ́ gba iná lọ́wọ́ mi?”

“Rárá, Baba. Mo fẹ́ kí ẹ bá wa jẹ ìgbádùn rẹ̀ níta ni.”

Ó dìde, ó ní kí n bá òun gbé àga àti fìtílà lọ sí ìkóríta.

Mo ti rí Ìkẹ́rẹ́, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí wọ́n bí mi sí Ìṣẹ́, níbi tí àgbà ti ń gba ẹ̀kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìkóríta wa kún. Bí ìyá mi ti tẹ́ kíjìpá rẹ̀, mo gbọ́ ohùn olórí wa láti orí àga: “Tíṣà, fi pọ́ǹpù fún fìtílà yẹn ní afẹ́fẹ́ sí i! Ìyá rẹ fẹ́ ta aṣọ fún mi ní ọ̀wọ́n, n kò sì tíì rí àwọ̀ aṣọ náà dáadáa!”