Ọjọ́ Tí Mo Kọ́ Kọ̀ǹpútà Mẹ́jọ Láti Gbàgbé

Òórùn eruku gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní káfè tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Lásunwọn, n'Ìkòròdú, láyé ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi lẹ́yìn bíi tẹlifíṣọ̀n. Mẹ́jọ la ní. Èmi ni mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ra àkókò lórí ẹ̀rọ, èmi náà ni mò ń gbálẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan máa ń ti Ẹ̀pẹ́ wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń retí lẹ́tà íméèlì láti ilé-ẹ̀kọ́ kan lókè òkun. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé pé wọ́n ti gbà á, ó kígbe "Alhamdulillah!" gbogbo wa sì bá a pàtẹ́wọ́. Àmọ́ iná lọ kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tó fi padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ẹnìkan ti wọ inú àpótí lẹ́tà rẹ̀, ó ti pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ìwọ?"

"Ọlọ́run ń gbọ́, Àǹtí, kì í ṣe èmi."

Mo bá a kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà pé kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Bó ṣe lọ tán, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ tó lò, mo tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ péré. Bùráúsà, ètò tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, parí ìyókù fúnra rẹ̀, tòun ti pásíwọ̀ọ̀dù.

Mo sọ fún ọ̀gá. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé ìrọ̀rùn làwọn oníbàárà ń fẹ́. Mo mú un lọ sídìí ẹ̀rọ tí òun náà máa ń lò. Mo tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ tirẹ̀, mo wọlé, ni íméèlì tó kọ sí àna rẹ̀ bá yọ síwájú wa. O ò bá rí ojú ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn!

"Ta ló sọ pásíwọ̀ọ̀dù mi fún ẹ?"

"Kọ̀ǹpútà yín ni, sà."

"Pa á! Tún gbogbo wọn ṣe, kíákíá!"

Mo wọ ibi ètò ààbò bùráúsà. Mo ní kó má tọ́jú pásíwọ̀ọ̀dù ẹnikẹ́ni mọ́, kó máa nu gbogbo ohun tí oníbàárà bá ṣí nù bó bá ti pa bùráúsà, mo sì dínà mọ́ àwọn ìpolówó tó máa ń bẹ́ jáde lójijì. Lórí ẹ̀rọ kìíní, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan kí n tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo fi dé ìkarùn-ún, orin ni mò ń kọ.

Lẹ́tà nọ́ọ̀sì tún dé. A tẹ ẹ̀dà méjì jáde, a pa bùráúsà. Mo ní kó ṣí i padà, kó tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀. Kò sóhun tó yọ. Ó tún un tẹ̀, òfo. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó gbá mi mọ́ra. "Àbúrò mi, má bínú sí mi."

Mo ti ṣe iṣẹ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n orí mi kò tíì wú tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n fura sí mi, èmi yìí kan náà ni mo sì wá ibi tí olè gbà wọlé, tí mo fọwọ́ ara mi dí i. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wo ara mi bí ẹni tí èèyàn lè fọkàn tán.