Bẹ́ẹ̀lì Mẹ́rìnlélógún ní Fiẹ́nà

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Sátidé ni mo jáde nílé, òtútù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gé etí mi. Ẹ má káàánú mi o. Ọmọ ẹni tó ń ti Abẹ́òkúta lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó láràárọ̀ ni mí. Ohùn bàbá mi tó ń wá ìbọ̀sẹ̀ kiri nínú òkùnkùn ló máa ń jí mi ní kékeré. Ṣùgbọ́n Èkó kọ́ ni èmi ń lọ. Láti ìlú tí mo ti ń kàwé ní ìlà oòrùn Jẹ́mánì, mo fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Fiẹ́nà, olú ìlú Ọ́síríà, kí n sùn níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan, kí n padà lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ ó rò pé fàájì ni mo bá lọ. Fàájì wà níbẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n màmá mi ló rán mi níṣẹ́. Àbúrò wọn obìnrin kan ṣoṣo, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Túndé, Fiẹ́nà ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ Òyìnbó. Nígbà tí a sin ìyá àgbà, ìyá tó bí àwọn méjèèjì, nílé wa n'Ígbẹ̀ìn l'Abẹ́òkúta, Mọ́mì Túndé kò lè wá. Màmá mi dúró títí, wọn ò rí i. Ni inú bá bí wọn, wọ́n sọ níwájú ẹbí pé àwọn kò ní àbúrò mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dé Fiẹ́nà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọdún kẹsàn-án rèé, wọn kò gbọ́ ohùn ara wọn.

Ìgbà tí mo wá sọ fún màmá mi pé Fiẹ́nà kò jìnnà sí mi, wọ́n mú mi tún un sọ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Lọ bá mi wò ó. Má jẹ́ kó mọ̀ pé ò ń bọ̀, kó má baà ní kí o má wá. Tó bá ṣílẹ̀kùn fún ọ, pè mí. Tí kò bá ṣí i..." Ẹ̀rù ń ba màmá mi, èmi náà mọ̀.

Yúrò mẹ́tàlélógún ni owó bọ́ọ̀sì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà. Mo pariwo nígbà tí mo ṣírò ó. Mo kí awakọ̀, mo sì bi í pé níbo la ó ti dúró ra nǹkan jẹ lójú ọ̀nà.

Ó wò mí. "Lọ́wọ́ ta ni?"

Ó yà mí lẹ́nu. Tí ẹ bá ti ń sún mọ́ Kọ́bapẹ́ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, àgbàdo sísun ti wọlé bá yín lójú fèrèsé kí ọkọ̀ tó dúró. Níbí, igbó, oko, igbó, oko, kò sẹ́ni tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. A la orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì kọjá, a wọ Ọ́síríà. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ní wákàtí méje, ọlọ́pàá kankan ò ní ká rọra dúró. Mo sùn, kò sí kòtò kan ṣoṣo tó jí mi.

Ìkíni wọn ní Fiẹ́nà dùn mọ́ mi. "Gírúùs Gọ́tì" ni wọ́n ń wí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí Ọlọ́run kí ọ. Wọn ò tíì bá wa dé ẹ kú ìjókòó àti ẹ kú ìdúró, ṣùgbọ́n ó sàn ju àwọn ará ọ̀dọ̀ tèmi ní Jẹ́mánì tó kàn ń mi orí lọ. Ní ibùdó rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, kò sí géètì, kò sí ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì; ìwọ fúnra rẹ ni wàá ti tíkẹ́ẹ̀tì bọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan kó lù ú ní òǹtẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo tì í bọ̀ ọ́. Mo ra búrẹ́dì róbótó róbótó mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní "sẹ́mù", torí a kì í lọ kí àgbà lọ́wọ́ òfo.

Bẹ́ẹ̀ ni mo dé ẹnu ilé alájà márùn-ún tí wọ́n júwe fún mi. Bẹ́ẹ̀lì mẹ́rìnlélógún ló wà lára ògiri, orúkọ ìdílé Òyìnbó mẹ́rìnlélógún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo na ìka, ìka dúró sáfẹ́fẹ́. Yéè! Mi ò mọ orúkọ ọkọ Mọ́mì Túndé.

Mo pe màmá mi. "Mọ́mì, kí lorúkọ Dádì Túndé?"

"Dádì Túndé náà ni."

"Orúkọ wọn gan-an, èyí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé."

"Ọ̀rọ̀ wo lò ń sọ yìí? Ṣé kí n máa pe ọkọ àbúrò mi lórúkọ ni?"

Wọ́n ké sí bàbá mi ní pálọ̀. Bàbá mi ní àwọn mọ̀ ọ́n dáadáa, Òyìnbó gíga kan báyìí ni, ó ní irùngbọ̀n. Mo pe Bọ̀dá Wálé, ìbátan wa ní Odeda, tó sùn nílé yìí nígbà kan rí, tó sì fún mi ní àdírẹ́sì. Ó ní nọ́ńbà Mọ́mì Túndé ti bá fóònù òun àtijọ́ lọ. Orúkọ ńkọ́? "Dádì Túndé ló wá gbé mi ní ibùdókọ̀, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn. Kí ni mo fẹ́ fi bẹ́ẹ̀lì ṣe?" Ẹ gbà mí o! Odindi ẹbí, ọdún mẹ́rìnlá tí ọkùnrin yìí ti fẹ́ ọmọ wa, a ò bi í léèrè pé kí ni wọ́n ń pè é nílé wọn.

Màmá mi tún pè padà láti gbọ́ ibi tí mo bá a dé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé, ìyá arúgbó Òyìnbó kan jáde pẹ̀lú ajá rẹ̀, ó kí mi, ó bi mí pé ta ni mò ń wá. Mo ní ìyá Túndé. Ó ní òun kò mọ Túndé kankan, ṣùgbọ́n ó di ilẹ̀kùn mú kí n wọlé. Inú àgbàlá kan ni mo bọ́ sí, fèrèsé yí i ká dé òkè. Mo fi gbogbo agbára ké e: "Mọ́mì Túndé o!" Lẹ́ẹ̀mẹta. Fèrèsé méjì ṣí, ọ̀kan sì tún padé gbàgà.

Mo gbọ́ ohùn màmá mi nínú fóònù lọ́wọ́ mi. "Kò dáhùn, àbí? Ó ti mọ̀ pé èmi ni mo rán ọ. Máa bọ̀, ọmọ mi." Ohùn wọn ti yí padà. Ó dùn mí wọra.

"Mọ́mì, ẹni tí kò tíì gbọ́ kò tíì kọ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pè wọ́n. Ẹ pe oríkì tí ìyá àgbà fi ń pè wọ́n."

"Èmi? Láti Abẹ́òkúta níbí?"

"Màá gbé fóònù sókè."

Mo ṣí ohùn rẹ̀ dé ìpẹ̀kun, mo nawọ́ sókè. Màmá mi wá pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ: "Àwẹ̀ró." Mo ní wọn ò lè gbọ́ ìyẹn. Ni ọmọ Ìgbẹ̀ìn bá jí nínú wọn: "Àwẹ̀ró o! Àwẹ̀ró! Ìwọ Àwẹ̀ró, ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

Láti àjà kẹta ni. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Mọ́mì Túndé yọ láìwọ bàtà, ọṣẹ lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ rí mi. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò. "Wọ́n dà?" Mo na fóònù sí wọn.

Wọ́n gbà á, wọ́n jókòó sórí sìmẹ́ǹtì. "Ẹ ṣì ń pè mí ní Àwẹ̀ró."

"Kí ni màá wá pè ọ́? Mi ò mọ orúkọ ọkọ rẹ."

Ẹ̀rín pa Mọ́mì Túndé, lẹ́yìn náà ni ẹkún gbà á. "Ẹ má bínú, ó yẹ kí n ti wá." Màmá mi ní, "Èmi ni mo sọ̀sọkúsọ. Dìde nílẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù." Èmi náà sunkún, mi ò purọ́.

Lọ́sàn-án wọ́n fún mi ní "ṣínísù", ẹran tí wọ́n lù pẹlẹbẹ tí wọ́n sì dín. Ó dùn, àmọ́ ata kò sí ńbẹ̀, Mọ́mì Túndé sì gbé ata tiwọn jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo ń lọ lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tì pa, bí ìgbà tí wọ́n kéde orò.

Aago méje ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: ẹ béèrè orúkọ àna yín kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Èkejì, ilẹ̀kùn tí a ń bẹ̀rù pé wọ́n tì mọ́ wa, nígbà míì a ò tíì kàn án ni. Mo pe màmá mi láti sọ pé mo ti dé. Wọ́n ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Mo pe Mọ́mì Túndé. Àwọn náà ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Mo se ìrẹsì, mo jẹun tán, mo fọ abọ́, mo tún pè. Wọ́n ṣì wà lórí ẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo lọ sùn.