Iná Tí Kì Í Gbé Ènìyàn

Èmi ṣì kéré nígbà tí iná gbé màmá mi. Aṣọ ọdún Iléyá ni wọ́n ń lọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ tán ni, omi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe di áyọ́ọ̀nù mú báyìí, iná gbé wọn, ó sì jù wọ́n mọ́ ògiri. Ọlọ́run kó wọn yọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n ní kí bàbá wa já gbogbo wáyà tó wọ yàrá wọn. Nígbà tí bàbá kú, tí gbogbo àwa ọmọ sì ti fọ́n ká, màmá mi pe ẹni tó gé iná gbogbo ilé náà kúrò pátápátá. Fìtílà ni wọ́n ń lò, ó tún wá di tọ́ọ̀ṣì.

Ìfọ́n ni ilé wa. Ìlobù ni èmi lọ́kọ sí, ibẹ̀ ni mo sì ti ń ṣe tíṣà. Ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn, ọ̀kadà kan péré ni, àfi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá da àárín ìlú méjèèjì rú. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, orí fóònù nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn màmá mi, fóònù wọn kì í sì í sábà wà ní títàn, nítorí ilé aládùúgbò ni wọ́n ń gbé e lọ kí ó tó lè rí iná. Ìgbà tí mo pè wọ́n láti àárọ̀ di alẹ́ tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, àṣé fóònù wọn ló kú, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ sólà, iná tí wọ́n ń fi oòrùn ṣe.

Ilé tèmi ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò. Mo lọ ra páńẹ́lì kékeré kan, dígí tó ń gba oòrùn, ní Òṣogbo, mo ra bátìrì, mo sì ra kọńtírólà, èyí tí kì í jẹ́ kí iná inú bátìrì pọ̀ jù tàbí kí ó tán pátápátá. Mo bi ẹni tó tà á fún mi ní ìbéèrè títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mi ò ra ẹ̀rọ tó ń sọ iná kékeré di ńlá o. Fóólítì méjìlá ni bátìrì náà, gílóòbù tí mo rà sì ń lo fóólítì méjìlá, ó parí.

Ọkọ mi wò mí bí mo ṣe ń kan wáyà mọ́ ògiri. “Ṣé èyí lè gbé fìríìjì?”

“Kò lè gbé e,” mo ní. “Iná tí a ó fi ríran àti iná fóònù ni mo ń wá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí iná ìjọba ò sí, abẹ́ gílóòbù mi náà ni wọ́n jókòó sí.

Lẹ́yìn oṣù ààwẹ̀, màmá mi wá kí wa, wọ́n ní àwọn á sùn di ọjọ́ kejì. Wọ́n gbójú sókè wo iná náà ní pálọ̀.

“Mi ò gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀.”

“Oòrùn ni, Màmá. Ó ti wọ inú bátìrì láti ọ̀sán.”

Wọ́n dìde, wọ́n sì gbé àga wọn kúrò lábẹ́ iná náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú wọn lọ sí ìdí bátìrì. Mo nu ọwọ́ mi gbẹ, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di orí méjèèjì tó wà lára bátìrì náà mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Màmá mi fi ọwọ́ bojú. Mo ní kí wọ́n ṣí ojú wò mí. Ọkọ mi náà wá, wọ́n dì í mú bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé agbára rẹ̀ kéré, kò tó ohun tó lè gba ara ènìyàn kọjá. Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni kí irin dábùú orí rẹ̀, tàbí kí wáyà méjèèjì kan ara wọn ní ìhòòhò. Ìyẹn lè dá iná sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi fíùsì sí i, tí mo sì kan àpótí bo bátìrì.

Ó pẹ́ kí màmá mi tó na ọwọ́. Wọ́n ń nu ìka wọn mọ́ ìró, wọ́n tún nù ún. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìka kan kan ọ̀tún, wọ́n fi èkejì kan òsì, wọ́n sì dúró.

“Kò ṣe nǹkan kan.”

“Kò lè ṣe nǹkan kan, Màmá.”

“Iná tí kì í gbé ènìyàn,” ni wọ́n sọ jẹ́jẹ́. Wọ́n wá ní, “Tí o bá ń bọ̀ ní Ìfọ́n, gbé irú rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wọ yàrá mi.”

“Ibo la ó wá fi í sí?”

“Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí mo ti ń ṣe àlùwàlá. Abẹ́ abíyá ni mo máa ń há tọ́ọ̀ṣì sí tí mo bá fẹ́ kírun àsùbáà.”

Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó dùn mí díẹ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti ọkọ mi kó ẹrù náà lọ. Páànù ilé ti gbó, kò lè gba ènìyàn, nítorí náà a ri irin mọ́ ẹ̀yìnkùlé, a sì gbé páńẹ́lì lé e lórí, kò ju ìbàdí ènìyàn lọ. A fi gílóòbù kan síbi àlùwàlá, a fi ọ̀kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì ṣe ojú ibi tí fóònù yóò ti máa gba iná. Nígbà tí a ní kí màmá mi tẹ súwíìsì, wọ́n wọ ilé ìdáná lọ, wọ́n mú ọmọrogùn jáde, orí rẹ̀ ni wọ́n sì fi tẹ súwíìsì náà. Ọkọ mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí màmá mi má bàa rí ẹ̀rín lójú wọn.

Láti ọjọ́ náà, màmá mi ò fi fóònù sílẹ̀ mọ́. Wọ́n á pè mí nínú kíláàsì láti sọ fún mi pé òjò ń ṣú. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n pè, ohùn wọn sì yàtọ̀. “Iná yín ti ń kú. Kí n tó kírun ìṣáì tán ló ti ń ṣe bàìbàì.”

Bátìrì ni mo fura sí. Nígbà tí a jáde nílé ìwé, ọkọ mi fi ọ̀kadà wọn gbé mi lọ. A yọ sí ẹ̀yìnkùlé, a ò sì rí páńẹ́lì. Ata ni a rí. Màmá mi ti sá ata pupa sórí dígí náà láti òkè dé ilẹ̀.

“Màmá, kí lẹ sá síbí?”

“Ata ni. Ibẹ̀ máa ń gbóná dáadáa, adìyẹ ò sì lè dé ibẹ̀.”

Ọkọ mi jókòó sórí odó tó dojú délẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

“Ṣebí oòrùn kan náà ni,” màmá mi ní. “Ṣé ata ń bu oòrùn kù ni?”

Mo gbá ata kúrò, mo nu dígí náà, mo sì mú wọn lọ wo kọńtírólà. Iná kékeré tó wà lára rẹ̀ ti tàn. Mo ní kí wọ́n fi gèlè wọn bo páńẹ́lì, ó kú. Wọ́n ká gèlè náà kúrò fúnra wọn, ó tún tàn. Wọ́n bò ó, wọ́n ṣí i, wọ́n tún bò ó.

“Ó ń jẹun ni,” ni wọ́n sọ níkẹyìn. “Kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jẹ ẹ́.”

Ọkọ mi fi pákó kan tábìlì kan fún ata, a sì gbé e lọ sí ìtòsí ibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, yàrá màmá mi ò ní gílóòbù. Wọ́n ní tọ́ọ̀ṣì tó àwọn níbẹ̀, mo sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a gbé tábìlì náà lọ, ọkọ mi lọ kírun ní mọ́sálásí. Èmi àti màmá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n tan iná, wọ́n wo orí mi.

“Irun rẹ ò dùn ún wò. Lọ mú òòyà wá.”

Mi ò tíì jókòó sáàárín ẹsẹ̀ wọn fún irun dídì láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ. Wọ́n là á, wọ́n sì ń dì í díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sọ ti ìyàwó aládùúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún mi. Nígbà tí ọkọ mi dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò pè mí, kí màmá mi lè dì í tán.