Orúkọ Mọ́kànlélógójì Inú Agolo Kẹrin

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2024. Orúkọ mọ́kànlélógójì.

Iye orúkọ tó wà nínú ìwé kékeré kan nìyẹn, ìwé tí Bákàrè fi sínú agolo tíì, tó fi téèpù dúdú wé, tó sì tì bọ inú ihò ara ògiri ilé kan ní Alabar, àdúgbò kan ní Kumasi, ní Ghana. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ó na ọwọ́ sí ihò náà. Sìmẹ́ńtì tí kò tíì gbẹ ló bà.

Bákàrè ń gé kọ́kọ́rọ́ ní ọjà Kejetia. Ọdún méjìdínlógójì ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà. Ó kúrú, ó ní ikùn díẹ̀, ó sì máa ń bá kọ́kọ́rọ́ sọ̀rọ̀ bó bá ń fi fáìlì fá a. Á ní, "Dìde díẹ̀ fún mi. Ó tó." Oníbàárà kan ti dìde lórí ìjókòó rí.

Lọ́dún 2021, Gifty, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ wíwọ̀n ní yunifásítì, gbé àgádágodo kékeré kan tọ̀ ọ́ wá. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù. Bákàrè bi í pé kí ló wà nínú àpótí tí wọ́n ń fi irú èyí tì. Gifty ní ìwé lásán ni, ó sì ṣàlàyé eré náà fún un: àwọn ènìyàn kárí ayé a máa fi agolo pamọ́, wọn a kọ nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibẹ̀ sórí ìkànnì kan, ẹlòmíràn á sì fi fóònù wá ibẹ̀ dé. Bó bá rí agolo náà, á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó wà nínú rẹ̀, á dá a padà bó ṣe bá a. Jiokáṣìn ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan a máa to agolo púpọ̀ sójú ọ̀nà kan náà, kí gbogbo rẹ̀ sọ ìtàn kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá rìn ín tán sì rí nǹkan gbà.

Bákàrè gbé fáìlì sílẹ̀. Ó bèèrè ìtàn tí wọ́n ti fi sí Kumasi. Gifty ní òun ò rí ìkankan.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, Bákàrè ti fi agolo méje sí ilé méje, láti Fante New Town dé Alabar. Ilé tí àwọn Yorùbá ń gbé ni, kí ìjọba tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Bákàrè nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ní ìwé, wọ́n dúró. Àwọn tí kò níwèé ti ilẹ̀kùn wọn, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ dání bí ẹni tó ń lọ sọ́jà tó ń padà bọ̀. Nítorí èyí, kọ́kọ́rọ́ idẹ kékeré ni Bákàrè kó sínú agolo kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá rí i mú ọ̀kan. Ẹni tó bá kó méjèèje jọ á gbé e wá sí ìsọ̀ rẹ̀, Bákàrè á gé ẹ̀kẹjọ fún un, á sì gbẹ́ orúkọ ìdílé onítọ̀hún sí i lára. Kọ́kọ́rọ́ kẹjọ kì í ṣí nǹkan kan. Mo ní ọ̀kan.

Àwọn ará Alabar fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bàbá ọlọ́mọ márùn-ún ń ṣe bojúbojú. Bákàrè ní kí àwọn náà dijú, òun ń bọ̀ wá fi wọ́n pamọ́.

Agolo kẹrin ló fẹ́ràn jù. Ilé Hàjàrá ni, orúkọ yẹn náà ló sì kọ sórí ìkànnì. Hàjàrá kú ní ọjọ́ kejìlá nínú ọjọ́ mẹ́rìnlá náà. Wọ́n sin ín ní ìyálẹ̀ta, ọkọ rẹ̀ sì kó àwọn ọmọ sínú lọ́rì lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá tó padà wá kọ́ Bákàrè níṣẹ́ ló ṣèlérí fún ọkọ náà pé sàréè yẹn kò ní di igbó. Nígbà tí ọ̀gá kú, Bákàrè bọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń ro ibẹ̀, fún obìnrin tí kò mọ̀ rí.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ keje oṣù kejì, Gifty pè é láti Alabar. Ẹnìkan tó ń jẹ́ Àlàbá ti kọ ọ̀rọ̀ gígùn sínú ìwé agolo kẹrin ní oṣù kìíní. Yorùbá ni, Gifty kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó rí "Hàjàrá", ó rí "ìyá mi", ó sì rí nọ́ńbà fóònù Nàìjíríà kan. Fóònù tirẹ̀ ti fẹ́ kú, kò lè ya fọ́tò rẹ̀.

"Wofa, ṣé kí n mú un bọ̀?" Wofa ni èdè Twi ń pe arákùnrin ìyá ẹni, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń pe Bákàrè.

"Dá a padà. Òfin eré ni. Mo ń bọ̀ wá kà á lọ́jọ́ Jímọ̀."

Àṣìṣe kan nìyẹn. Èkejì ti wà nínú ìwé náà tipẹ́: ní ewé àkọ́kọ́, tí kò sí orúkọ ènìyàn kankan lórí rẹ̀, Bákàrè ti fi Lárúbáwá kọ Bísímíláì.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn bíríkìlà wá rẹ́ ògiri. Agolo já bọ́, ó ṣí. Zúbàírù tó ń tọ́jú mọ́sálásí ń kọjá, ó sì rí orúkọ Ọlọ́run nílẹ̀. Ní Alabar, wọn kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ ìwé tí Lárúbáwá bá wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá rí i á he é. Zúbàírù he é. Ó rọra fa ewé àkọ́kọ́ ya, ó sun ún, ó sin eérú rẹ̀ sẹ́yìn mọ́sálásí. Èyí tó kù kò ní Lárúbáwá. Orúkọ àwọn ènìyàn ni. Ó kó o fún Hùdà tó ń dín kóósé, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́nu ọ̀nà, kó máa fi dì í fún àwọn oníbàárà.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. N kò rí òfin kankan tí Zúbàírù rú. Ìdí gan-an nìyẹn tí n kò fi dárí jì í.

Bákàrè ní tirẹ̀, nígbà tó gbọ́, kò bá a jà. Zúbàírù ní, "Bákàrè, ìwọ lo kọ orúkọ Ọlọ́run sínú bojúbojú, èmi kọ́." Bákàrè ní òótọ́ ni, ó sì gba ọ̀dọ̀ Hùdà lọ. Ewé mẹ́sàn-án ló kù lábẹ́ abọ́ rẹ̀, orúkọ méjìdínlógún. Ti Àlàbá kò sí níbẹ̀.

Hùdà nu ọwọ́. "Baba, mi ò mọ̀ pé ènìyàn ni."

Ó ka àwọn oníbàárà rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́fà ni Bákàrè fi ti ìsọ̀ rẹ̀, tó ń ti ojúlé dé ojúlé bèèrè ìwé tí wọ́n fi dì kóósé. Ó tú ààtàn. Ó wo abẹ́ àga mẹkáníìkì. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó bá ewé Àlàbá lọ́wọ́ télọ̀ kan tó ti kọ ìwọ̀n ìbàdí oníbàárà sẹ́yìn rẹ̀. Télọ̀ ní kó dúró ná kí òun da ìbàdí náà kọ.

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: "Èmi Àlàbá, ọmọ Hàjàrá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí a lọ. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n sin ìyá mi sí, kó jọ̀ọ́, kó pè mí." Nọ́ńbà tẹ̀ lé e. Òróró ti jẹ méjì tó gbẹ̀yìn.

Gifty ní ó tán nìyẹn. Bákàrè ní ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà péré ni òun máa dán wò. Kọ́kọ́rọ́ tí kò bá wọ̀, ènìyàn á fá a díẹ̀, á tún dán an wò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo méjì. Wọ́n pè é ní ọmọ Yahoo. Obìnrin kan gbàdúrà pé kí iná jó ìka tó fi ń tẹ fóònù. Bákàrè kí i pé ẹ ṣé, ó fa igi lé nọ́ńbà náà, ó tẹ òmíràn.

Ní ìgbà kẹtàdínlógójì, ọkùnrin kan gbé e.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọmọ Hàjàrá ti Kumasi ni?"

"Ta ló ń bèèrè ìyá mi?"

"Èmi tí mò ń ro ojú sàréè wọn."

"Ṣé koríko pọ̀ níbẹ̀?"

"Rárá, sà. Mo ro ó lóṣù tó kọjá."

Ọmọ Àlàbá ló rí orúkọ Hàjàrá lórí ìkànnì náà. Bàbá rẹ̀ wá ní oṣù kìíní, ó bi àwọn ayálégbé inú ilé, ẹnikẹ́ni kò mọ nǹkan kan, ó sì bá ọkọ̀ padà lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn Ìtúnu Àwẹ̀ ó tún wá. Bákàrè mú un dé ojú sàréè, ó sì fún un ní ọkọ́. Kò sí ohun tó kù láti ro níbẹ̀. Àlàbá ro ó. Lẹ́yìn náà ló rin ilé méjèèje, ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jọ, Bákàrè sì gbẹ́ "Hàjàrá" sára ẹ̀kẹjọ. Ìwé tuntun ti wà nínú agolo kẹrin. Bísímíláì, ẹnu ni Bákàrè fi sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Orúkọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló padà wá. Méjìlá kò tíì padà. Bákàrè ní kò burú. Ó burú. A kò mọ ẹni tó tún kọ ìbéèrè sílẹ̀ nínú wọn.

Ìwọ tí o ra kóósé lọ́wọ́ Hùdà ní Alabar ní ọjọ́ kẹjọ tàbí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2024, wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Wo àpò ẹ̀wù tí o wọ̀ lọ́jọ́ náà. Má ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Gbé ewé náà wá sí ìsọ̀ Bákàrè ní Kejetia, tòun ti òróró rẹ̀.